Orí Ìlà La Ti Pa Àlọ́

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni mo fi ń ka ọdún láyé mi. Ọmọ Nàìjíríà kò ní bi mí pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa ní Atlanta níbí, ọjọ́ náà tún ní ìtumọ̀ kejì. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí Walt Disney World ní ìpínlẹ̀ Florida, láti ọdún 1978 sì ni èmi àti ìyàwó mi ti ń lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi, ó sì máa ń dùn mí. Àmọ́ wọ́n mọ ọ̀nà Disney bí ọmọ àgbẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀.

Ọdún 1974 ni mo dé Amẹ́ríkà. Mo ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ìwé lọ́sàn-án, mo ń ṣe ọdẹ ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lóru. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, ọmọ bíbí Georgia, ni àwa méjì jọ ń ṣọ́ ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé kí ni àwa ọmọ Nàìjíríà ń múra sí tí gbogbo wa ń dá aṣọ. Mo ní ọdún òmìnira wa ni, mo sì dá ọjọ́ fún un. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí Disney náà nìyẹn, pé òun mú àwọn ọmọ òun lọ síbẹ̀, àti pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi lo ìgbà rẹ̀ tán ní Amẹ́ríkà láìdé ibẹ̀. Ó ya ọ̀nà rẹ̀ fún mi sí ẹ̀yìn ìwé tí a fi ń kọ nọ́ńbà mọ́tò.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1978 bọ́ sí. Nàìjíríà pé ọdún 18, ọgbà náà pé ọdún 7. A ti gbéra láti alẹ́ àná rẹ̀. Ìrìn náà lé ní 400 máìlì: Macon, Valdosta, a wọ Florida, a kọjá Gainesville àti Ocala. Ìyàwó mi gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ mọ́tò ìgbà náà ti lu, afẹ́fẹ́ títì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé, bí ènìyàn bá gbé mọ́tò sílẹ̀ tán, kò tíì dé. Adágún wà láàárín. Ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lókè lórí irin kan ṣoṣo, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó mi ní òun kò gun ohun tó ń rìn lókè. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ òdìkejì, òkè ààfin Cinderella yọ lórí igi, funfun pẹ̀lú aró, ó ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 189. Ìyàwó mi di irin ọkọ̀ mú, kò sọ̀rọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé omi ti lé sí i. Ọdún méjì là ń lọ lórí ìgbéyàwó wa nígbà náà, n kò tíì rà á ní bàtà tuntun kan láti ìgbà tó ti dé.

Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà nígbà náà. Ewé inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti A títí dé E. E ni ti àwọn eré ńláńlá: ọkọ̀ inú igbó, ilé iwin, àti Space Mountain tó ń sáré nínú òkùnkùn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1975. A jẹ́ ti ẹṣin onígi tó ń yípo àti mọ́tò àtijọ́ tó ń gbé ènìyàn lọ gba òpópónà. Gbogbo ayé ló máa ń na E tán kí A tó tán. Tíkẹ́ẹ̀tì A mẹ́ta ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fòpin sí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ní 1982, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta náà ṣì wà nínú Bíbélì mi, nínú Ìwé Òwe. Ìgbà mìíràn tí mo bá ń ka orí kan lọ, mo kàn máa ń bá wọn pàdé.

Ọdún 1980 ni a bí Táyé àti Kẹ́hìndé, Ìdòwú tẹ̀lé wọn ní 1984. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà náà, ṣùgbọ́n owó kan ò tó, n kò fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀. Mo ń jáde kí àwọn ọmọ tó jí, mo ń wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti sùn. Lọ́jọ́ kan tí mo tètè dé, Ìdòwú rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sá lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní àlejò wà níta. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Láti ọdún náà ni mo ti pinnu pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún, ọ̀sán àti òru, àwọn ọmọ yìí á rí ojú mi.

Ìyẹn ni a fi ń lọ lọ́dọọdún. Agbára wa kò ká òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá inú ọgbà náà. Fort Wilderness là ń dé sí, ilẹ̀ igi páìnì tí wọ́n ti ń pàgọ́. A ra àgọ́ aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò ní àdúgbò wa, òjò a máa gba igun rẹ̀ kan wọlé, igun yẹn sì ni tèmi. Ìyá Ìbejì a gbé sítóòfù síta, a fi gàrí ro ẹ̀bà, a gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti di bí òkúta nínú kúlà kaná. Nígbà tó bá di alẹ́, a óò tẹ́ ẹní sórí iyanrìn etí adágún. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi iná sàmì sí lára bí ẹja àti bí ejò inú òkun á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn pẹ̀lú orin. Láti oṣù kẹwàá 1971 náà ni ìyẹn ti ń kọjá, a kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ wò ó. Táyé lápá ọ̀tún mi, Kẹ́hìndé lápá òsì, Ìdòwú lórí ikùn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ọrọ̀, iyanrìn yẹn ni màá júwe.

Ohun tí àwọn ènìyàn kórìíra jù níbẹ̀ ni ìlà. Wákàtí kan, wákàtí kan àbọ̀, nínú oòrùn Florida, fún eré ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi kò ní ẹjọ́ kankan rò. Níbo ni mo tún ti fẹ́ rí àwọn ọmọ mi mẹ́ta tí wọ́n dúró tì mí fún wákàtí kan àbọ̀, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí ibi tí wọ́n lè sá lọ? Orí ìlà yẹn la ti pa àlọ́. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Ìjàpá àti bàbá ìyàwó rẹ̀, Ìjàpá àti Yánníbo, ìdí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí págunpàgun. Àlọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn lábẹ́ òṣùpá ni mò ń pa lẹ́nu ọ̀nà ilé iwin. Wọ́n kọ́ orin inú rẹ̀, wọ́n ń gbè é. Àwọn òyìnbó iwájú wa àti ẹ̀yìn wa ń wò wá. Yorùbá tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ mi lónìí, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nínú ilé. Orí ìlà ni wọ́n ti gbọ́ ìyókù.

Ibẹ̀ náà ni mo ti parí ìjà àwọn ìbejì. Táyé gbọ́ níléèwé pé òun ló kọ́kọ́ jáde, òun ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ní Yorùbá kò wí bẹ́ẹ̀. Mo sọ ìtàn Roy Disney fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Walt ni. Walt ló lá àlá ọgbà Florida yìí, òun ló ní kí wọ́n rọra máa ra ilẹ̀ àbàtà náà lábẹ́ orúkọ mìíràn kí owó rẹ̀ má baà gbéra, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù kejìlá 1966 kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun. Roy ti dàgbà, ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Kò fẹ̀yìn tì mọ́. Ó dúró ti iṣẹ́ náà títí wọ́n fi ṣí i, ó sì ní dandan ni kí orúkọ Walt wà lórí rẹ̀, kí ó má jẹ́ Disney World lásán. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Roy fi kú. Mo ní kí wọ́n wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe: ó parí iṣẹ́ àbúrò, ó fi orúkọ àbúrò sí i. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Táyé ní kí Kẹ́hìndé máa jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà.

Ọdún 1987 ni ìyá mi wá kí wa láti Ilé. A mú un lọ. Ní gúúsù Georgia, mo dúró lẹ́bàá títì láti ra ẹ̀pà sísè, torí wọ́n ń tà á níbẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ìyá mi bó ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Àjàní, àwọn wo ló kọ́ wọn ní èyí?" Mo ní àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó wá fún oko ẹrú ló kó ìmọ̀ rẹ̀ wá láti Áfíríkà. Ó ká ọwọ́ kò. Ó di ẹ̀pà náà sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi dé Valdosta.

Ilé ọ̀jẹ̀ ni ìyá mi ti wá, bàbá tó bí i lọ́mọ ń gbé eégún. Nígbà tí a wọ òpópónà ọgbà náà, Mickey Mouse dúró láàárín àwọn ọmọ, ó ń jó, ó ń juwọ́, kò fọhùn. Ìyá mi dúró. Ó wo aṣọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀, ó wo àwọn tó ń tẹ̀ lé e kiri. Ó tún gèlè òfì rẹ̀ wé dáadáa, ó sún mọ́ ọn, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ó tú ìṣẹ́tí ìró, ó mú dọ́là kan jáde, ó nà án sí i. Mickey fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pa á dé mọ́ owó náà, ó wá tẹrí ba fún un títí imú rẹ̀ dúdú fi kan ọwọ́ ìyá mi.

Kẹ́hìndé ní, "Màmá àgbà, ènìyàn ló wà nínú rẹ̀ o."

Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ta ló bi ọ́? Bí o bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, o ò mọ̀ ọ́n."

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìyá mi re ibi àgbà ń rè. Àwòrán ọjọ́ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n tò sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí a lọ sin ín, láàárín àwòrán ìjọ àti ti ẹgbẹ́.

EPCOT tí wọ́n ṣí ní 1982, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá náà, kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn ọmọ lórí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti gbèrò ilé kan fún ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ilé orílẹ̀-èdè yòókù tó yí adágún ibẹ̀ ká, a sì retí rẹ̀. Kò wá sí ìmúṣẹ. Ibùsọ̀ kékeré kan ló wà láàárín Ṣáínà àti Jámánì, ìlù wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ lè lù. Mo máa ń dúró níbẹ̀ lu tiwa. Nígbà tí mo pé ẹni 60 ọdún ní 2012, àwọn ọmọ dá owó jọ, wọ́n mú wa lọ sí Animal Kingdom Lodge. Bí a ṣe wọlé, Ijele ńlá kan ló pàdé mi, eégún àwọn ará Ìgbò, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16. Mo ṣí fìlà. Ní ìdájí, Ìyá Ìbejì pè mí sí ìta yàrá: àgùnfọn kan ń jẹ ewé nísàlẹ̀ ibẹ̀ nínú ìrì. Mo rántí àgọ́ wa àti igun rẹ̀ tó ń jò.

Wọ́n ti Disney World pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí kòrónà, wọ́n ṣí i ní oṣù keje. Àwa kò padà títí di 2022. Orúnkún mi kò gbà mọ́, kẹ̀kẹ́ ni Táyé fi ń tì mí. Nǹkan ti yí padà: fóònù ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, ẹni tó bá sì san owó lé e lè gba ọ̀nà kúkúrú wọlé. Táyé ti yọ fóònù, ó fẹ́ sanwó kí oòrùn má pa mí. Ọmọ Ìdòwú, ọmọ ọdún mẹ́fà, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ má san án. Ìlà tó gùn ni kí a lọ. Bàbá àgbà kò tíì pa àlọ́."

Wọ́n tì mí sórí ìlà tó gùn. Mo gbá fìlà mi sẹ́yìn, mo ní, "Ààlọ́ o!" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin òyìnbó kan tó wà níwájú wa bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè gbọ́.