Ìwé Dé Ìsọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta rí kí ogun Hítílà tó dé. Àwọn kan mọ ìwé, wọn kò mọ ìnira ọjà. Àwọn kan mọ ọjà bí ẹní mowó, wọn kò lè ka ìwé owó orí tí wọ́n já lé wọn lọ́wọ́. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ṣùgbọ́n ògiri wà láàrin wọn.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì wà lára àwọn tó mọ ìwé. Ọdún 1900 ni wọ́n bí i. Ní 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí Abẹ́òkúta Grammar School kọ́kọ́ gbà, nítorí ọkùnrin nìkan ló ti ń kàwé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1919, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ní 1922, ó padà wálé. Nígbà tó dé, ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, Fúnmiláyọ̀ ló ní kí tẹrú tọmọ máa pe òun. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì wọlé ọkọ ní 1925.

Ní 1932, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Abẹ́òkúta Ladies' Club sílẹ̀. Orúkọ náà ti sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́: obìnrin onígbàgbọ́ tó ti fojú kan ilé ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń kọ́ ara wọn. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó bá mọ sí ìyẹ̀wù, fìtílà tí a fi igbá dé ni.

Láàrin ogun náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn obìnrin ọjà fẹ́ mọ ìwé, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ìyá ọlọ́mọ tó ti ọjà dé, tí eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, jókòó bí ọmọ ilé ìwé, ó ń pe a, b, d. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa ìwé dé, ẹnu a ṣí. Níbẹ̀ ni àwọn oníwèé ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi agbára gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Níbẹ̀ ni ìnira owó orí ti yé wọn: obìnrin ń san án láti 1918, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1946, wọ́n pa orúkọ àtijọ́ náà rẹ́, wọ́n di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ bọ́ gáùn, ó ró ìró bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yorùbá ló sì ń bá àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ, kí ìyá aláta lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sọ. Àwọn kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún jókòó síwájú ààfin Aké ní ìparí 1947, wọ́n ń fi orin sọ tinú wọn. Nígbà tó di oṣù kìíní 1949, Ọba Adémọ́lá Kejì, Aláké, fi oyè sílẹ̀. Wọ́n mú owó orí náà kúrò lọ́rùn obìnrin, obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ọba náà padà sórí oyè ní ìparí 1950. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ papòdà ní 1978. Ṣùgbọ́n aláṣẹ kan kò lè gba ohun tí obìnrin ti kà kúrò lórí rẹ̀. Ìwé nìkan kò ṣí ilẹ̀kùn Aké, igbe ọjà nìkan kò sì ṣí i. Ìgbà tí ọwọ́ tó tó pẹpẹ àti ọwọ́ tó wọ kèrègbè pàdé ni oúnjẹ tó délẹ̀.