Bí A Ṣe Fi Owó Táṣẹ́rẹ́ Gbafẹ́ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n nílé, tàbí ọmọbìnrin tó ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, tí ẹ sì ń rò pé ẹ ó kó wọn jáde lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ láìjẹ gbèsè, ọ̀rọ̀ mi yìí kàn yín. Èmi náà rò ó, mo rò ó tì, àfìgbà tí mo ṣe ohun kan tó ti ń tì mí lójú láti ọjọ́ pípẹ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Agége ni ilé wa wà. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ìyàwó mi lọ́rẹ. Oríkì wọn ni n ó fi pè wọ́n níhìn-ín, nítorí àwọn ọmọ ìwòyí kì í fẹ́ kí bàbá wọn gbé orúkọ wọn kiri. Ní ọdún 2023 tí mò ń wí yìí, Àkànní, àkọ́bí, jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé girama tán ni. Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún 15, Àlàó àbíkẹ́yìn sì jẹ́ 13.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣèlérí fún wọn. "Ẹ jẹ́ kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé, a ó rìnrìn àjò." Ìsinmi á dé, ìsinmi á lọ, ẹsẹ̀ wa kò ní kúrò ní Agége. Nígbà tó wá di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀rọ̀ di isu-ata-yán-an-yàn-an. Epo bẹntiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, kí oṣù keje tó parí, ó ti kọjá 500. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé bí iná kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ ń jẹ. Bí mo bá gba iṣẹ́ kan, epo á mú tirẹ̀, bébà àti íǹkì á mú tiwọn, èmi tí mo ṣiṣẹ́ á wá máa wo ọ̀sán bí ẹni tí wọ́n jí ní ọbẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo fi pamọ́ fún àwọn ọmọ. Mo ní ọmọdé kò gbọdọ̀ mọ ìdí àpò bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan, n ó le ojú koko, n ó ní, "Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀!" Wọn a sì fi mí sílẹ̀ lóòótọ́. Kálukú a kọjú sí fóònù rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù keje yẹn, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná kò sí, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá. Ọ̀rẹ́ Àkànní kan tí àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ mú lọ sí òkè òkun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Àwa ńkọ́?" Àkànní dá a lóhùn pé, "Fi Dádì sílẹ̀ jàre. Wọ́n lówó fún ẹgbẹ́, wọ́n lówó fún aṣọ àǹkóò. Àwa ni wọn ò lówó fún."

Inú bí mi. Mo dìde pé kí n lọ fọ́ ọ létí. Ìyàwó mi di aṣọ mi mú. Ó ní, "Bàbá Àkànní, ẹ jókòó. Ṣé irọ́ ló pa ni? Ta ló sọ fún un pé kò sówó? Kò ní pẹ́ tí ọmọ yìí á fi kúrò nílé lọ sí yunifásítì. Ṣé báyìí lẹ fẹ́ kó bá yín lọ nínú ọkàn?"

N kò fèsì. Ṣùgbọ́n n kò sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí ìdí tábìlì, mo gbé ìwé ìnáwó ṣọ́ọ̀bù mi síwájú wọn, mo ṣí i. Mo ní, "Ẹ wò ó. Ohun tó wọlé lóṣù tó kọjá nìyí. Ohun tí epo jẹ nìyí. Owó ilé nìyí, owó ilé ìwé yín nìyí. Aṣọ àǹkóò tí ẹ sì rí lára mi, àwìn ni mo gbà á, mi ò tíì san án tán." Ojú tì mí bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ láàárín ọjà. Mo wá ní, "Owó tí mo lè tò jọ fún ìgbafẹ́ wa jẹ́ 80,000 náírà. Kọ́bọ̀ kan ò ní lé e. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ibi tó lè gbé wa dé."

Ilé pa rọ́rọ́. Mo rò pé wọn á fi mí rẹ́rìn-ín ni. Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ fa àga sún mọ́ tábìlì, ó mú bírò. Ó ní, "Àwa márààrún, àbí? Ó jẹ́ 16,000 fún ẹnì kan nìyẹn." Àlàó ní kí a lọ sí Àbújá. Àbẹ̀kẹ́ ṣírò owó ọkọ̀, ó ní tí a bá dé Àbújá, a ó máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé ni. Àkànní tí kò tíì lanu látàárọ̀ wá ní, "Ìbàdàn ńkọ́? Ṣebí ọkọ̀ ojú irin ń lọ."

Àṣé ọlọ́gbọ́n ọmọ wà nílé mi! Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn ti ń kó èrò láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ìrìn kìlómítà 157, ó sì ń dúró ní Agége wa níbí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin sì ń gbé ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá ti san owó hòtẹ́ẹ̀lì fún ènìyàn márùn-ún rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Báyìí ni Àbẹ̀kẹ́ ṣe pín owó náà: 40,000 fún ọkọ̀ ojú irin ní àlọ àti àbọ̀, 12,000 fún ọkọ̀ inú ìlú, 8,000 fún ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó ìwọlé, 12,000 fún oúnjẹ, 5,000 fún ẹ̀bùn tí a ó mú lọ fún Mọ́mì Ìbàdàn, nítorí a kì í lọ́wọ́ òfo kí ilé onílé, 3,000 sì wà fún ohun tí ojú kò rí. Wọ́n tún ṣe òfin mẹ́ta. Èkíní, kálukú wa ni yóò yan ibì kan, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ yọ ṣùtì sí i. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má jí ọmọ kankan kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ẹ̀kẹta, Àbẹ̀kẹ́ ni akápò. Mo buwọ́ lù ú, mo ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé òfin kẹta yẹn á mú èmi gan-an.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, la gbéra. Ìyàwó mi ti se mọ́ínmọ́ín, a pọn omi sínú ike, a kò ra ìpápánu kankan lọ́nà. Nígbà tí a dé Mọ́níyà, oòrùn mú, ẹrù wà lọ́wọ́, ni mo bá ké sí awakọ̀ Micra kan pé kó wá gbé àwa nìkan lọ sí Mọ́kọ́lá. Àbẹ̀kẹ́ fà mí láṣọ. "Dádì, kò sí nínú ìwé."

Mo ní, "Èmi ni bàbá ẹ o!"

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú."

Awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàgbà, ẹ fi ọwọ́ yín fa akápò sílé!" Ojú mi kọ́kọ́ le, ìgbà tó yá, ẹ̀rín pa mí. A fún ara wa mọ́ àwọn èrò yòókù, a gba Òjòó, a gba iwájú yunifásítì, a gba Sáńgo, a sì dé Mọ́kọ́lá. Búrẹ́dì Agége àti ẹja la kó fún Mọ́mì Ìbàdàn. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ sí pálọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àlàó gba tirẹ̀: pápá ìṣeré tó wà ní Òkè-Àdó, tí a mọ̀ sí Liberty kí wọ́n tó fi sọrí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. A gba Dùgbẹ̀ kọjá, mo fi Ilé Kòkó hàn wọ́n, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní ọdún 1965, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́. Wíwò rẹ̀ lókèèrè kò ná wa ní kọ́bọ̀. Nígbà tí a dúró níwájú pápá náà, Àlàó tẹ fóònù rẹ̀ wò, ló bá pariwo. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni Dick Tiger na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà níbẹ̀, tí Fullmer kò lè jáde wá fún abala kẹjọ. Ọgọ́ta ọdún géérégé sí ọjọ́ tí a dúró yẹn! A kò mọ̀ọ́mọ̀ yàn án.

Mo sọ fún wọn pé bàbá mi, bàbá wọn àgbà, wà nínú pápá lọ́jọ́ náà. Télọ̀ ni wọ́n n'Ìbàdàn nígbà yẹn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ṣòkòtò tó ya làwọn fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ lẹ̀ fún àwọn oníbàárà kí owó ìwọlé tó pé.

Àkànní bi mí pé, "Bàbá àgbà fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mo ní, "Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n á tún máa yangàn pẹ̀lú ẹ̀."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ó ta mí létí. Bàbá mi kò fi àìní rẹ̀ pamọ́ fún mi rí, n kò sì torí ìyẹn fojú kéré rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Níbo ni èmi ti wá kọ́ ìpamọ́ tèmi?

Lọ́jọ́ Ẹtì, a lọ sí ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Àbẹ̀kẹ́ ló yàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹranko ló ń wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wò, bí wọ́n ṣe ń kó ìwé kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti ọdún 1948! Ó ní, "Dádì, èmi náà á wá síbí." Mo ṣe àmín. Ní ọ̀sán, ìyàwó mi yan àmàlà oní-gbẹ̀gìrì àti ewédú. Bàtà Àlàó já lọ́nà. Owó ohun-tí-ojú-kò-rí ló rán an.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Àkànní yan tirẹ̀, ilé ìṣọ́ gíga orí Òkè Àrẹ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Bower, òyìnbó tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú wo àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń lọ́ yípo, wọ́n sọ ọ́ ní Láyípo. Ìyàwó mi àti àwọn yòókù tètè sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti Àkànní la ṣẹ́kù lókè. Òrùlé páànù onípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀, Gbọ̀ngàn Mápó ń yọjú láti orí òkè tirẹ̀.

Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Mo sọ̀rọ̀ kan nípa yín lóṣù tó kọjá."

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ."

Ó yíjú sí mi kíá, ó tún gbé ojú lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Ẹ bá ti sọ fún wa láti ọjọ́ yìí."

"Ó ń tì mí lójú ni."

Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn àtẹ̀gùn yẹn, ó wà níwájú mi, ló bá ní láìwẹ̀yìn, "Lọ́jọ́ Ajé, màá tẹ̀ lé yín lọ sí Ṣómólú." Ó sì lọ lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi gé bébà, tó ń bá mi di ìwé, títí ọjọ́ tí yunifásítì fi pè é.

Nígbà tí a padà dé Agége lálẹ́ ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ kó owó tó kù jáde, ó kà á sórí tábìlì níwájú mi: 1,450 náírà. Ó ní kí n buwọ́ lù ú pé mo gbà á.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, owó tí mo kà yìí, ti ọdún 2023 ni. Ọjà ti gun òkè sí i láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò yí padà. Ẹ wá ìlú tí ẹ ti ní ẹbí, ẹ má sì lọ́wọ́ òfo lọ. Ẹ gbé oúnjẹ ọ̀nà láti ilé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ibi tó wù ú, kí ẹ sì bá a débẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn tẹ́rùn láàárọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣí ìwé owó yín sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó gbéra. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé wọn á rí òṣì mi. Ohun tí wọ́n rí ni ibi tí wọn á ti bá mi gbé e.

Àkànní wà ní yunifásítì báyìí. Bí ìsinmi bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ ránṣẹ́ sí mi: "Dádì, èló ló wà nílẹ̀?" N ó sì sọ iye rẹ̀ fún un gan-an.