Búlọ́ọ̀kù Tí Mo Fọ́ Lórí Àyà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá ti gbọ́njú ní Èkó ṣáájú 1980, tó wá ní òun kò gbọ́ orúkọ Power Mike rí, ẹ bi í léèrè ibi tó wà nígbà náà. Michael Okpala ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ ìlú Neni nílẹ̀ Ìgbò, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Anambra lónìí. Oníjàkadì ni, alágbára ni. Òkìkí rẹ̀ ló bá wa dé Òkokomáíkò, tó wọlé tọ̀ wá, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi.

Òkokomáíkò ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí èèyàn kò lè fẹsẹ̀ rìn kó má kọlu ọ̀kadà. Ọdún 1977 ni mò ń sọ. Kò tíì sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. 1983 ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀. Ilé tí ìjọba Jákàńdè kọ́ sí Ìbà, Jákàńdè fúnra rẹ̀ kò tíì dórí àlééfà. Igbó ṣì pọ̀, àgbọn pọ̀, ariwo ọ̀pọ̀lọ́ la sì ń gbọ́ lálẹ́ ju ti mọ́tò lọ. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, ojú fèrèsé la ti ń wò ó, ẹni tó bá ga ló ń ríran, àwa kéékèèké a máa bèèrè pé, "Kí ló ṣe báyìí? Ṣé ó ti dá a?"

Ojú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n àkàrà ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán Power Mike. Òróró ti rin ín, àyà ọkùnrin náà wá ń dán bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ara. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ẹ̀bà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tí à ń sùn sí. Láti ọjọ́ náà, ìtàn kò tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà ń fi eyín fa lọ́rì. Wọ́n ní odindi ewúrẹ́ ló fi ń jẹun ọ̀sán. N kò fojú rí ọ̀kankan nínú rẹ̀, ẹ má bi mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ọmọdé ìgbà náà pé irọ́ ni, ẹ óò bá a jà.

Àwọn "páwámáàn" wẹ́wẹ̀ sì pọ̀ nígboro nígbà náà, wọ́n ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kan wá sí iléèwé wa, kọ́bọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá la san. Ó tẹ irin, ó dùbúlẹ̀ sórí àkúfọ́ ìgò, wọ́n sì gbé òkúta kan lé e láyà, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Wọ́n fi òòlù fọ́ òkúta náà, ó dìde, ó gbọn ara nù, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo bojú wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti mọ̀ pé a wọ gàù.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní ìwé márùn-ún, ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè dá a nínú gídígbò ládùúgbò wa, ìdí nìyí tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Páwà. Ìsinmi oṣù kẹrin ni, Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, Ìyá wà lọ́jà Ọ̀jọ́. Ẹnìkan ń kọ́lé lẹ́yìnkùlé wa, àwọn bírikìlà ti to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, wọ́n sì gbàgbé òòlù wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní kí n gbé búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án wá. Ọmọ bí ogún ti yí wa ká.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Dípò kí n gbé èyí tó ní kí n gbé, mo gbé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rò pé yóò fúyẹ́ fún un. Mo fi òòlù lé orí, mo pa ojú dé, mo là á mọ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù fọ́ bí bisikíìtì, ṣùgbọ́n òòlù kò dúró níbẹ̀.

Kò ké. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn ọmọ ń pariwo "Páwà! Páwà!" Lẹ́yìn náà ló wó lulẹ̀, kò lè mí délẹ̀.

Nígbà tí Bàbá dé, ẹ̀gbọ́n mi ní orí igi àgbọn lòun ti já bọ́. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Egungun ìhà méjì ló kán. Wọ́n fi aṣọ dì í, ó dùbúlẹ̀ di ìgbà tí ìdánwò kọjá. Bàbá bínú, ó ní òun kò ní san owó ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì fún agunàgbọn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ títún rédíò ṣe nìyẹn. Agunàgbọn ni Bàbá sì ń pè é títí ó fi kú ní 1991. Bó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Èmi ló wá kàwé nínú àwa méjèèjì, owó iṣẹ́ rédíò yẹn ló ran mí dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ físíìsì kan tó ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ kan pé òkúta ńlá ló ń gba páwámáàn là. Ohun tó bá wúwo kì í tètè mira, òun ni yóò gba gbogbo ìyà náà sára. Èyí tó fúyẹ́ ló ń gbé e lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́. Òógùn bò mí níbi tí mo jókòó sí.

Mo tún fi ìwé tí mo kà yẹn ṣe fọ́rífọ́rí nígbà kan. Ní 1989, àwọn aláṣẹ ìjàkadì WWF sọ fáwọn aṣòfin New Jersey ní Amẹ́ríkà pé eré ìdánilárayá làwọn ń ṣe, pé kì í ṣe ìdíje gidi. Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n ti ń mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọlé. Ó ní, "Àbúrò, ẹni tí wọ́n gbé sókè tí wọ́n là mọ́lẹ̀ yẹn, ṣé ilẹ̀ náà mọ̀ pé eré ni?"

Tẹlifíṣọ̀n ló ń tà báyìí, ní Alábà, níbí ní Ọ̀jọ́. Ní oṣù kẹrin 2021, ó pè mí pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Wọ́n ń tún WrestleMania kẹtàdínlógójì fi hàn, ó sì ti tan èyí tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Tolúlọpẹ́ Omógbèhìn wọlé, Omos ni wọ́n ń pè é, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó ní 1994, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, tó ti gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní yunifásítì lọ́hùn-ún. Òun àti AJ Styles gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Kofi Kingston ọmọ Gánà àti Xavier Woods. Àwọn oníbàárà kún ẹnu ọ̀nà bí a ṣe ń kún ojú fèrèsé ọjọ́sí, ọmọkùnrin Ìgbò kan ń pariwo jù wá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó fọwọ́ lé ìhà rẹ̀ òsì, ó ń mi orí.

Nígbà tí Brock Lesnar wá gbé Omos kan náà sókè tó sì là á mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023, àwa méjì péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. N kò mọ ohun tó mú mi lanu. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù ọjọ́ yẹn, kì í ṣe èyí tí ẹ ní kí n gbé ni mo gbé o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ojú mi là sílẹ̀. Mo rò pé ìwọ náà mọ ohun tí ò ń ṣe."

Oníbàárà kan yọjú, ó ń bèèrè oníńṣì àádọ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní, "Wá di apá kan mú, Àbúrò. Òtútù ti mú ìhà mi láàárọ̀ yìí."