Ọ̀dà Orí Bọ́ńpà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dùn mí, àmọ́ ó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Bàbá mi ní Golf 3 kan tí wọ́n ṣe ní 1995. Ọkọ̀ náà ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi. Òun la fi ń lọ Ìkọ̀tún. Òun la fi gbé màmá mi lọ ọsibítù ní Ìgándò níbí, lóru ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní wàhálà. Bọ́ńpà rẹ̀ nìkan ló ń tì mí lójú. Ike dúdú lásán ni, wọn ò kùn ún láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Oòrùn ti pa á, ó ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara para lásìkò ọyẹ́.

Nígbà tó yá, Dádì ní òun máa ta ọkọ̀ náà ká lè fi san owó WAEC mi. Ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Mo rò ó pé bí ọkọ̀ bá dán, owó ẹ̀ á lé sí i. Mo fi owó tí mo tọ́jú ra agolo ọ̀dà dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n. Ní Tọ́sìdeè, mo fi omi ṣan eruku bọ́ńpà, mo fọ́n ọ̀dà sí i. Ọmọ, ó dán! Dádì dé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ṣeun.

Sátidé pé. Ọkùnrin yẹn yí ọkọ̀ po, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, inú ẹ̀ dùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha bọ́ńpà. Ọ̀dà ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún fi ọ̀dà bò tí mi ò rí?" Dádì ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Ó lọ. Bàbá mi tí kì í purọ́ ló sọ di oníjìbìtì níwájú ilé wa, àwọn ará àdúgbò sì ń wò. Dádì ò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ bá bọ̀dá kan tó ń kun ọkọ̀ nítòsí àwọn mẹkáníìkì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́. Ó ní, "Kí lo máa ń fi pa bọ́ńpà yẹn tẹ́lẹ̀?" Mo ní pọ́líìṣì táyà ni, kó lè dúdú. Ó ní, "Ó parí! Sílíkóònù wà nínú ẹ̀, ọ̀dà ò sì lè di sílíkóònù mú. Ike yẹn fúnra ẹ̀ kì í tètè gba ọ̀dà."

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n má tíì fi sáńpépà kàn án, torí sáńpépà á ti ọ̀rá wọ inú ike. Ìgbà tó mọ́ tán ni mo fi sáńpépà 400 pẹ̀lú omi ha ọ̀dà àkọ́kọ́ kúrò, mo fi 600 dán an, mo tún fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ. A fi téèpù àti ìwé ìròyìn bo ara ọkọ̀. Ó fọ́n prámà oníke sí i fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá kó agolo ọ̀dà lé mi lọ́wọ́: "Mì í dáadáa. Jẹ́ kó jìnnà sí bọ́ńpà tó rúlà kan. Má kánjú." Mo fọ́n ọ̀nà mẹ́ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo ń dúró kí ọ̀kan gbẹ kí n tó fọ́n òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, Dádì fi èékánná ha á. Kò ṣí.

Ẹlòmíràn wá wo ọkọ̀ náà. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, Dádì ní, "Bọ́ńpà yìí ti gbó. Ọmọ mi ló kùn ún. Ẹ ha á wò." Ọkùnrin náà ha á, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Owó tó san kò tó èyí tí a fẹ́, àmọ́ owó WAEC mi jáde nínú ẹ̀.

Mo dúró lójú títì títí Golf wa fi lọ sí ọ̀nà Ìyànà-Ìbà. Bọ́ńpà ẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fọ nǹkan kí ẹ tó kùn ún. Èyí tí ẹ bá kàn fi ọ̀dà bò, èékánná ẹnì kan ń bọ̀ wá ṣí i.