Ọtí Alẹ́ Àná

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá kan, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó ń wa ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń san owó ilé ìwé tiẹ̀. Bọ̀ọ̀dá lọ sí òde, wọ́n mu títí di aago mẹ́ta òru, wọ́n sùn díẹ̀, wọ́n jí lọ síbi iṣẹ́. Ọlọ́pàá dá wọn dúró, wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Ọtí alẹ́ àná ṣì wà lára.

A rò pé owó ìtanràn lásán ni. Ṣebí 5,000 náírà àti àmì 5 ni ti FRSC níbí, tí wọ́n sì ń ta paraga ní garéèjì láàárọ̀ kùtù! Ti Gẹ̀ẹ́sì le. Ó kéré tán, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì fún oṣù 12. Ẹ̀wọ̀n lè tó oṣù 6. Bí èèyàn bá tún un ṣe láàárín ọdún 10, ó di ọdún 3. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ á sì wà lórí láísẹ́ǹsì fún ọdún 11.

Bọ̀ọ̀dá ń gbé páálí lóru báyìí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á ti ibi tí a ti ń sanwó. A ti dáwó jọ, kò tíì tó ìdajì.