Wákàtí àkọ́kọ́ ọmọ ewúrẹ́, àti ọ̀rọ̀ àpólò ojú ẹran

 

Nínú abúlé tí mò ń yí ká, ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí ewúrẹ́ bí méjì, kó má ṣẹ́ ku ẹyọ kan lọ́jọ́ kẹta. Ewúrẹ́ ni báńkì ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa. Tí ọmọ ẹran bá kú, owó ilé-ìwé ọmọ ènìyàn ló bá a lọ.

Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Tí mo bá bèèrè pé, "Ṣé ó mu ọmú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?", ẹnu á wọ́lẹ̀. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki, tó pupa rúsúrúsú yẹn, ẹ má fún un dànù! Òun ni ààbò ara ọmọ ẹran. Kó mu ún láàárín wákàtí kan, kó má kọjá wákàtí mẹ́fà. Ọmọ tó wọn kílò kan àtààbọ̀ yẹ kó mu bíi mìlílítà 150 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá lè fa ọmú, ẹ má rọ ọ́ lọ́fun, torí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ pe dókítà ẹran.

Ẹ ki ìwọ́ rẹ̀ bọ inú iodine. Ẹ má fi eérú tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i. Kí ibi tó ń sùn gbẹ.

Ẹ tún wo ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn ìpéǹpéjú máa ń yí sínú, irun á máa ha ẹyinjú. Ẹ fọwọ́ tó mọ́ rọra yí i síta, ẹ máa tún un ṣe lójoojúmọ́.

Ní ti àpólò, eṣinṣin, eruku àti ẹran tuntun láti ọjà ló ń gbé e kiri. Omi á máa dà lójú ẹran, ojú á pọ́n, á máa sá fún oòrùn, nígbà tó bá yá á funfun. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan fẹ́ ta irú ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì tà á." Wọ́n yà á sọ́tọ̀ síbi òjìji, wọ́n ń fi omi iyọ̀ tó ti hó, tó sì ti tutù, nu ìpín ojú ẹ̀, wọ́n ń fi oògùn ojú tetracycline tí dókítà ẹran júwe sí i. Ojú náà là padà.

Kẹrosíìnì, ata, omi bátìrì: ẹ má dà á sójú ẹran o! Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn ìtọ́jú, ó lè ran ènìyàn.

Tí ojú bá ń dà omi, tí imú ń ṣàn, tí ẹnu ní egbò, tó tún ń ṣu gbuuru, kì í ṣe àpólò mọ́. Ó lè jẹ́ PPR, tó ń pa agbo run. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà, ẹ ya ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dà á mọ́ ti ilé. Báwo ni ti yín ṣe ń ṣe? Ẹ bá wa sọ ọ́ nísàlẹ̀.