Wang Wo Ló Gbowó Yín?

Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń lọ kó ọjà ní Guangzhou, nílẹ̀ Ṣáínà, ẹ gbọ́ o. Ẹ má dé ṣọ́ọ̀bù èèyàn kẹ́ ẹ ní "Kí lo ń jẹ́?" "Nin gui xing?" ni kẹ́ ẹ wí: kí ni orúkọ ìdílé yín tó níyì? "Gui" kan náà lẹ máa pariwo bí owó bá ga: "Tai gui le!", ó ti wọ́n jù! Òun ò ní fi "gui" sí tirẹ̀ o, ta ní ń yin ara rẹ̀? "Wo xing Wang" ló máa fèsì.

Ẹ béèrè orúkọ tó kù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí rìsíìtì. Àwọn tó ń jẹ́ Wang lé ní mílíọ̀nù 90 níbẹ̀!